Ẹ Bi Àǹtí: Bí Ilé Bá Ti Tì, Níbo La Ti Fẹ́ Ṣọdún Kérésì?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra ọdún. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Kérésì ń bọ̀, owó ò sí, ọ̀nà jìn, àwọn tó ń jẹ́ kílé ó dùn ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni mo mú níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n júwe oògùn tí ọkọ ò fi ní jáde nílé lọ́jọ́ ọdún, mo ti rí lẹ́tà yín, ẹ máa retí mi.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Peckham ní London ni mò ń gbé, ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Ìtòkò gan-an. Bàbá mi ti lọ tipẹ́, màmá mi náà wá kú lọ́dún tó kọjá. Ilé wa wà ńbẹ̀ àmọ́ a ti tì í pa, ìbátan wa kan ló ń bá wa ṣí fèrèsé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mọ́kànlá, wọn ò ṣe Kérésì ní Nàìjíríà rí. Mo fẹ́ kó wọn lọ lọ́dún yìí, ni ọkọ mi bá ní ta ni mo fẹ́ lọ bá, pé ilé tí ò séèyàn ńbẹ̀ kì í ṣe ilé mọ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì àwa mẹ́rin sì ti fẹ́ tó owó mọ́tò. Àǹtí, ṣé mo ṣì nílé tí mo lè mú àwọn ọmọ mi lọ? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Ọkọ yín ò jẹ̀bi tán o, owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé gbogbo yín lẹ fẹ́ wálé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń fi yín jẹun dáadáa. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni ọ̀rọ̀ pé kò sílé mọ́ yẹn.

Ìlú yín náà ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn. Àjàyí tá a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, Òṣogùn ni wọ́n ti mú un lẹ́rú lọ́dún 1821, wọ́n tú ìlú náà ká, wọ́n ń tà á látọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bára ẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Nígbà tó máa fi padà dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú iṣẹ́ Ọlọ́run, Òṣogùn tó mọ̀ ò sí mọ́. Abẹ́òkúta ló ti rí ìyá ẹ̀, Àfàlà, lóṣù Kẹjọ ọdún 1846, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣe ni ìyá òun ń gbọ̀n nígbà tó rí òun, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wojú ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, omi ṣáà ń dà lójú ìyá. Ẹ wá wò ó, Abẹ́òkúta yẹn ò tiẹ̀ tíì sí láyé nígbà tí wọ́n mú Àjàyí lẹ́rú, ọdún 1830 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Wọn ò bí ìyá síbẹ̀, wọn ò bí ọmọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti padà di ẹbí.

Torí náà ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìtòkò, ta ló máa pariwo orúkọ yín lójú títì? Kì í ṣe orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà ni mo ń sọ o, mo ń sọ ti oríkì tàbí orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè yín ní kékeré tí inú fi ń bí yín. Àbúrò màmá kan lè wà ńbẹ̀, ìyá tí wọ́n jọ ń tajà lè wà, tàbí ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń bá wọn jókòó ní Sunday. Tẹ́ ẹ bá lè ka ẹyọ ẹnì kan péré, ẹ ti nílé. Tẹ́ ò bá rí ẹnì kankan, ohun tí ọkọ yín sọ ti fẹ́ jọ òótọ́, kẹ́ ẹ fowó yín pamọ́.

Ó tún ku, ta ló ní oṣù Kejìlá ni dandan? Ọdún Àjíǹde wà ńbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì máa ń fúyẹ́ ju báyìí lọ, ẹ ó ráyè fi ìdákẹ́rọ́rọ́ jókòó ti àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé Kérésì yìí lọkàn yín ń fà sí, ẹ má balẹ̀ sí Èkó lọ́jọ́ kẹtàlélógún o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sì má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín gba Mowe àti Ìbafọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Reluwé tó ti ń rìn láti 2021 wà, ẹ wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson tó wà ní Èbúté-Mẹ́tà, ẹ sọ̀ ní Láderin ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká, àwọn ìbejì á sì rí igbó àti ìlú lójú ọ̀nà. Àmọ́ ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó máa ń tán.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má fi àwọn ọmọ yẹn ṣe àlejò. Eruku ọyẹ́ á ti bo gbogbo nǹkan, ẹ fún wọn ní ìgbálẹ̀ àti àkísà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tu ìyẹ́ adìẹ nínú omi gbígbóná kí òórùn ẹ̀ dà wọ́n nínú rú díẹ̀, kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ sílé aládùúgbò kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n ní ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, àṣèyí ṣàmọ́dún. Tí wọ́n bá ṣi í sọ, àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún wọn lówó ọdún, ọ̀rọ̀ á ti parí síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ ti màmá fún wọn bó ṣe jẹ́ o, ẹ sọ pé wọ́n le, ẹ sọ ti ìgbátí, torí àwọn ọmọ òde òní ò gba ìyá àgbà tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Àǹtí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ní Akúrẹ́. Gbogbo ìgbà tí December bá ti dé ni dádì mi máa ń sọ pé Kérésì ayé àwọn dùn ju tiwa lọ, pé fóònù nìkan la mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àbí àwọn àgbà kàn ń ṣe fáàrí? Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù wa tún ní nǹkan òyìnbó ni Kérésì, pé kò kan Yorùbá, pé kí ló dé tá a wá ń pa ara wa lójú ọ̀nà torí ẹ̀. (Tèmi Dá Yàtọ̀, Akúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, dádì ẹ ò parọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni.

Ohun tó jẹ́ kó dùn ni pé nǹkan ò sí. Ìrẹsì tó ò ń jẹ lójoojúmọ́ tó o tún ń rojú sí yìí, nílé ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà yẹn, ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ Sunday kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dé orí tábìlì. Adìẹ ńkọ́, láàyè ni wọ́n máa ń rà á wálé, wọ́n á so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ igi lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọdé á máa fún un lágbàdo, tó bá fi máa di àárọ̀ Kérésì wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹnì kan á sì sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún yẹn kì í pẹ́ tí ọbẹ̀ ata bá ti ta sánsán.

Ká tó wá kan ẹ̀rọ ata lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á tò láti ẹnu ẹ̀rọ jáde sójú títì, tòmátì, tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, kálukú á ti fi ìdérí tiẹ̀ ṣàmì, èéfín dísẹ̀lì á máa ta gbogbo wa lójú, ẹni tó bá fẹ́ já wọ iwájú máa gbọ́ ìtàn ìdílé ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé, ibẹ̀ sì la ti máa ń gbọ́ ẹni tó ti Èkó dé, ẹni tó mú ìyàwó wálé, ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí wọn ò rí. Mi ò mọ fóònù tó lè fún èèyàn ní irú ìròyìn yẹn pẹ̀lú gbígbóná ẹ̀.

Aṣọ ọdún náà nìyẹn. Télọ̀ á gbà á láti oṣù Kẹwàá, ní alẹ́ àìsùn Kérésì la ṣì máa ń lọ jókòó tì í. Aṣọ kan náà fún gbogbo ọmọ ilé, wọ́n á rán an tóbi kó lè tún rí ọdún tó ń bọ̀, bàtà náà á tóbi, wọ́n á ki pépà sí i níwájú, gógù oníke pupa lójú, aago tí kì í rìn lọ́wọ́, ó di ojúlé dé ojúlé. Àwọn ọmọ Èkó tiẹ̀ ń rí Bàbá Kérésì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá Kingsway ní Marina, àwa tá a wà lókè, ìtàn ẹ̀ la gbọ́. Àwọn ọkùnrin á ti ha orí ìṣáná sínú irin kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n á fi ìṣó dí i, wọ́n á gbá a mọ́ ògiri, gbàù! Ọlọ́pàá á kéde pé àwọn ò fẹ́ bángà, ọdọọdún ni wọ́n ń kéde ẹ̀, ọdọọdún náà ló ń dún.

Èyí tí dádì ẹ ò sọ ni ti àwọn bàbá tí wọn ò gba owó oṣù tí wọ́n fi ń jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ ọdún kí ọmọ má bàa béèrè aṣọ lọ́wọ́ wọn. Àpò ìrẹsì tí ìyá gbà láwìn tí gbèsè ẹ̀ wọ oṣù Kẹta. Ilé olórogún tí gbogbo ojú ti máa ń wà lára ẹran tó bọ́ sí àwo ọmọ ìyálé, tí ọmọ kékeré kan rántí ẹ̀ títí tó fi darúgbó. Gbogbo ẹ̀ náà ni Kérésì. Fóònù tí wọ́n ní ò ń tẹ̀ yẹn, tan rìkọ́dà ẹ̀, gbé e síwájú wọn, bi wọ́n pé ta ló ń dáná, owó ta ni, ta ni wọn ò pè. Wàá rí i pé dádì ẹ á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, má dá wọn lẹ́nu, jẹ́ kó máa rìkọ́ọ̀dù.

Ti ẹni tó ní nǹkan òyìnbó ni, kó jókòó kí n sọ bó ṣe wọlé fún un. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sọ̀ sí Freetown, àwọn tá a pè ní Sàró, ilé ló ń wù wọ́n. Láti bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń dáwó jọ, wọ́n ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ ní Badagry, àwọn míì ń gba ibẹ̀ wọ Abẹ́òkúta, nígbà tí wọ́n dé tán ni wọ́n wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá òjíṣẹ́ Ọlọ́run fáwọn. Ìpè yẹn ló gbé Thomas Birch Freeman, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá tó bí i jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tìẹ, wá sí Badagry lóṣù Kẹsàn-án 1842. Lóṣù Kejìlá ó lọ kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta, ó sì sáré padà dé Badagry lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, òun àti Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, jọ ṣe Kérésì níbẹ̀. Ṣó o rí i báyìí, òyìnbó bá wa ṣe é lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ wa tó ń wálé ló fà á wọ̀lú, kò sì tíì sí títì ọlọ́dà kan nílẹ̀ yìí nígbà tí èèyàn ti ń sá eré àsápajúdé lọ́jọ́ kẹrìnlélógún kó lè bá Kérésì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o Àǹtí. Ìbàdàn ni mo wà, Mùsùlùmí ni mí bíi ti bàbá mi, àmọ́ Kìrìsìtẹ́nì ni màmá mi, wọn ò yí padà títí bàbá fi kú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ se oúnjẹ Kérésì káwọn sì pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ní kò dáa nílé Mùsùlùmí. Mi ò fẹ́ jà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. (Alhaji Kékeré, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Alhaji, ti ohun tó tọ́ kí Mùsùlùmí jẹ àti ohun tí kò tọ́ kó bá wọn ṣe, ẹ bi Áfáà yín, mi ò ní jókòó síbí kí n máa wàásù fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin yìí ti bá bàbá yín ṣe Iléyá fún gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà pọ̀, ó dúró ti ìkòkò, ó gé ẹran, ó pín in fún àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyí. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń gbé e, àwo ìrẹsì á lọ lọ́jọ́ Kérésì, àwo ẹran á padà bọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ìyàwó yín lẹ máa bá sọ ọ́, òun ló nilé, kì í ṣe àbúrò ẹ̀. Ẹ fún màmá ní pálọ̀ láti aago méjìlá sí márùn-ún, kí wọ́n gbàlejò wọn, kí wọ́n kọrin wọn. Ẹ fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ẹ lè jókòó sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ máa gbọ́ rédíò títí wọ́n á fi jáde. Àbúrò ìyàwó lè wá kí wọn lọ́jọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, mo ti fẹ́ ya wèrè. Ìjẹ̀bú-Òde ni, èmi ni àkọ́bí, àwa márùn-ún. Oṣù Kẹta ni mọ́mì wa kú, ọ̀dọ̀ wọn la sì ti máa ń ṣe Kérésì látìgbà táláyé ti dáyé. Ní orí WhatsApp ẹbí báyìí, ìjà ni. Èyí tó tẹ̀ lé mi ní ká fagi lé e lọ́dún yìí, ìkẹta ní ká lọ jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn méjì tó kù ní ṣebí Sísí Mi wà, Sísí Mi á sè é bí mọ́mì ṣe ń sè é. Èmi ni Sísí Mi. Mo ń ṣiṣẹ́, mo lọ́mọ, ó sì ń dùn mí pé wọ́n kú. (Sísí Mi, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Sísí Mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo rí i níbi tẹ́ ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sí, pé lẹ́yìn iṣẹ́ àti ọmọ lẹ tó ráyè sọ ọ́.

Ipò àkọ́bí lẹ jogún, ẹ ò jogún ìdáná. Ohun tí mọ́mì ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ ni, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ni ò mọ̀. Ẹ gbé bébà, ẹ kọ ọ́: ta ló ń lọ sọ́jà, ta ló ń lọ ata, ta ló ń jí láago mẹ́rin gbé ẹran kaná, ta ló ń pe ẹni tó bá bínú kó lè wá, ta ló ń di oúnjẹ fún ẹni tí ò lè wá, ta ló ń fọ àwo. Tẹ́ ẹ bá kà á tán ẹ ó rí i pé iṣẹ́ èèyàn márùn-ún nìyẹn, márùn-ún náà sì lẹ jẹ́. Pípe ẹni tó bínú yẹn ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ lójú tèmi, òun gan-an sì ni wọn kì í yan ẹnikẹ́ni sí, òun ló ń jẹ́ kí ẹbí tú ká lọ́dún kejì lẹ́yìn tí ìyá bá kú. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní ká fagi lé e. Irú wọn ló máa ń mọ bí ìbínú ṣe ń ṣeni.

Hòtẹ́ẹ̀lì ò burú o, ẹ lọ lọ́dún tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Tọdún yìí, ilé mọ́mì ni kẹ́ ẹ lọ, àmọ́ ẹ má sè bí ẹni tó ń ṣe ìnáwó. Oúnjẹ mọ́mì kan ṣoṣo, èyí tí gbogbo yín mọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ìkọ́kọrẹ́, kẹ́ ẹ rin ewùrà kẹ́ ẹ sì ṣe é kó lẹ́ja dáadáa, ìrẹsì tó kù, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sè fún òde. Ẹ tún pinnu ẹni tó máa jẹ ìwe adìẹ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwe yẹn ni wọ́n máa ń gbé fún bàbá, lẹ́yìn ẹ̀ mọ́mì ló ń sọ ẹni tó kàn, tí ẹnì kan bá kàn nawọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn, omijé tàbí ìjà ló máa bá a dé. Ẹ fún èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ, kò sẹ́ni tó máa bá a dù ú.

Tí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó tètè parí, kí oníkálukú ti máa lọ ilé ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Mo ti bá yín kọ ohun tẹ́ ẹ máa gbé sórí WhatsApp, ẹ dà á kọ bó ṣe wà:

"Ẹ̀yin àbúrò mi, ilé mọ́mì la ti ń jẹun lọ́jọ́ Kérésì, aago kan ọ̀sán. Èmi ni mò ń se ìkọ́kọrẹ́, n ò se nǹkan míì. Èyí tó tẹ̀ lé mi ló ń pe gbogbo èèyàn. Ìkẹta ló ń sanwó ìrẹsì. Ìkẹrin ló ń ra adìẹ tó ń lọ ata, kó tètè lọ tò. Àbíkẹ́yìn ló ń fọ àwo, gbogbo ẹ̀, àti ìkòkò. Ẹni tí ò bá tíì fi owó tiẹ̀ ránṣẹ́ tó bá fi máa di ogúnjọ́ oṣù, kó gbé oúnjẹ ẹ̀ dání látilé."